Wíwọn Ìfúnpá Kó Péye: Apá Òkè, Apá Ìsàlẹ̀ àti Ọrùn Ọwọ́

Bí ẹ bá wọn ìfúnpá màmá yín nígbà tí wọ́n gbọ́wọ́ lé itan, tí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí apá kan náà wà lórí tábìlì, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí nọ́ńbà méjì tó yàtọ̀ síra. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò ṣàdédé ru, ẹ̀rọ náà kò sì bàjẹ́. Ibi tí apá wà ló fà á. Àwọn oníwádìí Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà dán an wò lára àgbàlagbà 133, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2024. Nígbà tí apá wà lórí itan, nọ́ńbà òkè (ìfúnpá nígbà tí ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde) fi nǹkan bíi 4 ga ju ti orí tábìlì lọ, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ (ìfúnpá nígbà tí ọkàn ń sinmi) náà sì fi 4 ga. Nígbà tí apá rọ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara, ti òkè fi 6 àbọ̀ ga, ti ìsàlẹ̀ sì fi 4 àti díẹ̀ ga.

Ẹlòmíì lè ní kí ni 6 já mọ́. Ẹ wò ó báyìí: bàbá kan tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ jẹ́ 135 lóòótọ́ ní kíníìkì á di ẹni 141, wọ́n á sì kọ oògùn tí kò nílò fún un, èyí tí yóò máa fi owó ìfẹ̀yìntì rà lóṣooṣù, tí òòyì sì lè máa kọ́ ọ bó bá dìde lórí ibùsùn. Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kọ́ọ̀fù (aṣọ tó ní àpò afẹ́fẹ́ nínú, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá) bá tóbi jù tàbí tí apá bá wà lókè jù, nọ́ńbà á wálẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bà jẹ́ nínú á sì máa rò pé ara òun le, títí ọ̀rọ̀ á fi kan kíndìnrín tàbí tí àrùn rọpárọsẹ̀ á fi dé. Èrò mi ni pé kí ẹ tó náwó lé ẹ̀rọ olówó ńlá, ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé apá.

Ọ̀gangan ọkàn

Nínú ilé tó ní tánkì omi lórí ìdúró gíga, ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ máa ń tú jáde kíkankíkan ju ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ẹ̀jẹ̀ náà ní ìwúwo, bó ṣe ń ṣe nínú apá nìyẹn. Bí ibi tí ẹ wé kọ́ọ̀fù mọ́ bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 wà nísàlẹ̀ ọkàn, nọ́ńbà á fi nǹkan bíi 7 tàbí 8 lé. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 wà lókè ọkàn, iye yẹn náà ló máa dín.

Ibo gan-an ni ọ̀gangan ọkàn? Ẹ fi ìka kan kòtò ọ̀fun, kí ẹ wá máa fà á bọ̀ lórí eegun àárín àyà títí dé ibi tí eegun náà parí sí lókè ikùn. Ìdajì ọ̀nà yẹn ni. Àwọn kan máa ń ní ká fi orí ọmú ṣe àmì, ó sì lè bá ọkùnrin mu, ṣùgbọ́n lára ìyá àgbà tí ọmú wọn ti rọ̀, ọ̀nà jìn sí ọkàn. Eegun àyà kì í ṣí kúrò níbi tó wà.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ

Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ìgbà tí ẹ fẹ́ wọ̀n ọ́n, kò gbọdọ̀ sí kọfí, sìgá tàbí iṣẹ́ agbára. Ẹ má gbàgbé obì. Káféènì tó wà nínú kọfí wà nínú obì pẹ̀lú, bàbá tó bá sì ń jẹ obì láàárọ̀ lè má kà á kún ohunkóhun bí ẹ bá bi í bóyá ó ti mu nǹkan. Ẹ bi í léèrè obì ní tààrà. Ẹ tún ní kí wọ́n lọ tọ̀, torí ìtọ̀ tó kún inú lè fi nǹkan bíi 10 lé nọ́ńbà òkè.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Lórí àga tó ní ẹ̀yìn ni o, kì í ṣe lórí ẹní, kì í sì í ṣe lórí àpótí ìdáná. Kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Bí ẹsẹ̀ wọn kò bá tólẹ̀, ẹ fi àpótí sí i lábẹ́.

Ohun tó ń ba wíwọ̀n jẹ́ jù lọ nínú ilé wa ni ọ̀rọ̀ sísọ. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan lè fi 10 lé nọ́ńbà òkè. Àlejò á wọlé, á ní “ẹ kú ìjókòó o, mà,” màmá kò sì ní ṣe kí wọ́n má dáhùn. Wọ́n á dáhùn, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè ọmọ, kọ́ọ̀fù á sì máa wú lọ lápá wọn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá kí yín, èmi ni màá bá yín dáhùn.” Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé fóònù kúrò nítòsí. Ẹ̀yin náà, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ má sì pe nọ́ńbà tó bá jáde sókè kí ẹ tó wọn ìkejì, torí àyà tó já á mú kí èyí tó ń bọ̀ ga sí i.

Kọ́ọ̀fù tó bá apá mu

Ibí yìí ni màá ti dúró pẹ́ díẹ̀, torí òun ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Ẹ̀rọ kan á wà nínú ilé, kọ́ọ̀fù kan á wà pẹ̀lú rẹ̀, òun ni wọ́n á fi wọn bàbá tó rù, òun ni wọ́n á fi wọn ẹ̀gbọ́n tó sanra, òun náà ni wọ́n á fi wọn ọmọ ọdún 15. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023 ní Amẹ́ríkà, àwọn tí apá wọn nílò kọ́ọ̀fù ńlá ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ti gbogboogbò wọ̀n rí nọ́ńbà òkè tó fi nǹkan bíi 5 ju òótọ́ lọ. Àwọn tí apá wọn nílò èyí tó tóbi jù lọ ńkọ́? Nọ́ńbà tiwọn fi 19 àbọ̀ ga. Èyí tó ju ẹni lọ ní ipele kan sì mú kó fi 3 àbọ̀ wálẹ̀. Fún ẹni tó sanra, ìyẹn ni pé kọ́ọ̀fù nìkan lè sọ ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru di aláìsàn.

Ẹ yá tépù lọ́wọ́ tẹ́lọ̀. Kí ẹni náà tẹ apá ní ìgúnpá. Ẹ wá eegun tó yọ ní orí èjìká, ẹ wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ dé ṣóńṣó ìgúnpá, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ fi bírò sàmì sí àárín. Kí wọ́n wá jẹ́ kí apá náà rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ yí tépù po apá níbi àmì náà, láì fún un mọ́ra. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ máa fi ra kọ́ọ̀fù. Ní gbogboogbò, sẹ̀ǹtímítà 22 sí 26 jẹ́ ti kékeré, 27 sí 34 jẹ́ ti gbogboogbò fún àgbàlagbà, 35 sí 44 jẹ́ ti ńlá, 45 sí 52 sì jẹ́ èyí tó tóbi jù. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ sára kọ́ọ̀fù tirẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má sì fi kọ́ọ̀fù ẹ̀rọ kan sára ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíì. Àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọdọ̀ lè yí apá po tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún.

Apá òkè

Lọ́dún 1896, dókítà ará Ítálì kan, Scipione Riva-Rocci, wé rọ́bà mọ́ apá òkè, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì fi ìka wo iṣan ní ọrùn ọwọ́ títí tí kò fi sọ mọ́. Nọ́ńbà òkè nìkan ló rí. Ní 1905, dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Korotkov, fi ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà tẹ́tí sí iṣan níwájú ìgúnpá, òun ló sì jẹ́ ká mọ bí a ṣe ń rí nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Látìgbà yẹn, apá òkè ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ wa nípa ìfúnpá dúró lé, títí kan nọ́ńbà tí dókítà fi ń pinnu oògùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé bí apá òkè bá ṣeé lò, ẹ má lo ibòmíì.

1. Ẹ bọ́ aṣọ kúrò lápá. Bùbá tí wọ́n ká apá rẹ̀ sókè burú ju kí aṣọ wà níbẹ̀ lọ nígbà míì, pàápàá lẹ́ẹ̀sì àti aṣọ tí tẹ́lọ̀ rán mọ́ra, torí pé ó máa ń di okùn tó so apá pa lókè kọ́ọ̀fù. Bí ìka méjì kò bá lè wọ abẹ́ aṣọ tí ẹ ká sókè náà, kí màmá yọ apá kan kúrò nínú bùbá, kí wọ́n fi ìborùn bo àyà. Agbádá rọrùn, ẹ kàn ṣẹ́ ẹ lé èjìká. Ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò.

2. Ẹ fi ìka méjì wá ibi tí iṣan ti ń sọ níwájú ìgúnpá, níhà tó sún mọ́ ara, lókè ibi tí apá ti ń ṣẹ́. Àmì tó wà lára kọ́ọ̀fù gbọdọ̀ wà lórí iṣan yìí.

3. Ẹ wé kọ́ọ̀fù náà kí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 wà lókè ibi tí apá ti ń ṣẹ́. Kó gbá apá mú, ṣùgbọ́n kí orí ìka méjì ṣì lè wọ abẹ́ rẹ̀.

4. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kí ọwọ́ rọ̀, kí wọ́n má di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ wá wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ṣé àárín kọ́ọ̀fù bá àárín eegun àyà dọ́gba? Apá àga kúṣìn pálọ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ jù. Ẹ ká ìró tàbí ìrọ̀rí sábẹ́ apá títí yóò fi ga tó. Kí wọ́n má fi agbára ara wọn gbé apá náà sókè, torí iṣan ẹran tó bá ń ṣiṣẹ́ á tún fi kún nọ́ńbà.

5. Ẹ tẹ bọ́tìnì, kí gbogbo yín dákẹ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tó bá tú, kí ẹ tún un wọ̀n. Méjèèjì ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó wù yín nínú wọn.

Bí ẹni náà bá wà lórí ibùsùn, ẹ mọ̀ pé apá tó tẹ́ sórí fóòmù wà nísàlẹ̀ ọkàn díẹ̀, torí àárín àyà ni ọkàn wà, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ẹ fi ìrọ̀rí pẹlẹbẹ sí abẹ́ apá.

Apá wo nínú méjèèjì? Nígbà àkọ́kọ́, ẹ wọn apá ọ̀tún àti ti òsì. Apá tó bá ga jù ni kí ẹ máa lò láti ọjọ́ náà lọ, òun ni kí nọ́ọ̀sì náà sì lò. Bí ìyàtọ̀ nọ́ńbà òkè bá ju 10 lọ, ẹ tún méjèèjì wọ̀n. Bó bá ń ju 15 lọ ní gbogbo ìgbà, ẹ sọ fún dókítà, torí ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí apá tó rẹlẹ̀ náà ti ń dí.

Apá ìsàlẹ̀, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́

Àwọn kan wà tí apá òkè wọn fẹ̀ gan-an lápá èjìká, tó sì tín-ín-rín bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀, débi pé kọ́ọ̀fù á máa yọ̀ bọ́ sí ìgúnpá tàbí kó ṣí fúnra rẹ̀ bó bá ti ń wú. Ẹ kọ́kọ́ wá kọ́ọ̀fù ńlá tí wọ́n gé kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, apá ìsàlẹ̀ lè dúró fún un.

Ẹ fi tépù wọn àyíká apá ìsàlẹ̀ náà, torí kọ́ọ̀fù tó yẹ ẹ́ kéré sí ti òkè. Ẹ wé e sí àárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, kí àmì rẹ̀ wà níhà àtàǹpàkò, níbi tí iṣan tí a máa ń fi ìka wò ní ọrùn ọwọ́ gbà kọjá. Níbí, ìrọ̀rí kan lórí tábìlì lè má tó. Apá ìsàlẹ̀ ní láti ga dé ọ̀gangan ọkàn gan-an.

Nọ́ńbà apá ìsàlẹ̀ sábà máa ń ga ju ti apá òkè lọ, kò sì sí iye kan pàtó tí ẹ lè máa yọ kúrò tí yóò bá gbogbo èèyàn mu. Nítorí náà, ẹ kọ “apá ìsàlẹ̀” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé. Bí dókítà kò bá mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti rí 150, á ṣèpinnu bíi pé apá òkè ni. Ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀ ni fífi ti òní wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbì kan náà, lára ẹnì kan náà.

Ọrùn ọwọ́

Ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ rọrùn láti gbé kiri, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun sì fẹ́ràn láti máa fi ránṣẹ́ sílé. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé òun ni kó kọ́kọ́ rà. Kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́, bí kò ṣe pé ọwọ́ lè lọ síbikíbi, ó sì ṣòro kí àgbàlagbà tó ń dá gbé máa rántí ọ̀gangan ọkàn lójoojúmọ́. Fún ẹni tí kò sí kọ́ọ̀fù tó lè gba apá òkè rẹ̀, tàbí tí èjìká ń dùn débi tí kò lè bọ́ aṣọ, ó wúlò, bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò.

Ẹ yọ aago àti ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́. Ẹ wé e mọ́ awọ ara lásán, kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 1 jìnnà sí ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́. Ojú ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wà níhà àtẹ́lẹwọ́. Ẹ gbé ìgúnpá lé tábìlì, ẹ tẹ apá wá sí iwájú àyà títí ẹ̀rọ náà yóò fi wà ní ọ̀gangan àárín eegun àyà, kí ẹ fi ìrọ̀rí gbé e ró níbẹ̀. Kí ọrùn ọwọ́ nà gbọọrọ. Bó bá tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á yí ipò padà lábẹ́ kọ́ọ̀fù, nọ́ńbà kò sì ní ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kí wọ́n má fi ọwọ́ kejì di ẹ̀rọ náà mú.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e dé, ẹ wọn apá òkè pẹ̀lú kọ́ọ̀fù tó bá a mu ní kíníìkì, kí ẹ sì wọn ọrùn ọwọ́ apá kan náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Bí méjèèjì bá jìnnà síra gan-an lẹ́yìn tí ẹ ti tún un ṣe, ẹ má fi ẹ̀rọ ọwọ́ náà ṣe ìpinnu oògùn. Áàpù fóònù tó ní kí ẹ fi ìka lé kámẹ́rà, ẹ fi sílẹ̀.

Apá tí ẹ kò gbọdọ̀ wé nǹkankan mọ́

Ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí àrùn kíndìnrín, tí wọ́n sì so iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní apá kan fún iṣẹ́ yẹn: apá náà kò ṣeé fún rárá, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gé ọmú nítorí jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì yọ kókó abẹ́ abíyá, ẹ lo apá kejì àyàfi bí dókítà bá sọ nǹkan mìíì. Apá tí omi dírípù wà lára rẹ̀, tó ní ọgbẹ́, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti mú, ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ọkàn ẹnì kan bá ń lù ségesège, ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ máa ń ṣìnà lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ sì pín in sí mẹ́ta. Aláboyún ń fẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n dán wò lára aláboyún. Bí 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá yọ lára aláboyún, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, kó má dúró de ọjọ́ kíníìkì.

Àkọsílẹ̀

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, kí wọ́n tó lo oògùn tàbí jẹun, àti lẹ́ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ 7. Nọ́ńbà 28 nìyẹn. Ẹ yọ mẹ́rin ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, torí ọjọ́ yẹn sábà máa ń ga, ẹ ro 24 tó kù pọ̀, kí ẹ pín in sí 24. Ti òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú ilé, bí àròpín yẹn bá tó 135 lórí 85, ọ̀pọ̀ àjọ dókítà kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní kíníìkì, 140 lórí 90 ni wọ́n ń lò. Amẹ́ríkà ti fà á wálẹ̀ sí 130 lórí 80, ìdí nìyẹn tí dókítà ọmọ yín ní Houston àti dókítà yín nílé fi lè sọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ lórí nọ́ńbà kan náà.

Bó bá ju 180 lórí 120 lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wo apá àti kọ́ọ̀fù dáadáa, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, tí àyà ń dùn wọ́n, tí èémí ń ṣòro, tí ojú ń ṣú, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan kú tipiri, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ìkankan nínú àwọn àmì yìí, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má fún wọn ní oògùn ìlọ́po méjì.

Nínú ìwé náà, ẹ kọ ọjọ́, aago, apá ọ̀tún tàbí òsì, àti ibi tí ẹ wé kọ́ọ̀fù mọ́. Bí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ tuntun, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí stridebp.org, níbi tí wọ́n ti to àwọn tó yege nínú ìdánwò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ gbé e lọ sí kíníìkì, kí nọ́ọ̀sì wọn apá kan náà pẹ̀lú tiwọn àti tiyín. Bí rọ́bà kọ́ọ̀fù bá ti ń jò tàbí tí ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ kò bá lẹ̀ mọ́, ẹ pààrọ̀ kọ́ọ̀fù náà.